Nígbà Tí Àwọn Oníṣẹ́-Abẹ Kò Fẹnu Kò: Ìtàn Iṣẹ́ Abẹ Ojú ní Nàìjíríà àti Ohun Tó Kan Olùkọ́ Èdè Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà

Kò sí ibi tí abẹ yóò ti kan ara ènìyàn tí kò ní bà á lẹ́rù, ṣùgbọ́n ti ojú yàtọ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tí egbò wà ní itan rẹ̀ lè fi aṣọ bò ó. Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú kò rí ibi tí yóò gbé e pamọ́ sí lọ́jà tàbí níbi ìsìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn, dókítà kan ní kí wọ́n gé eegun àgbọ̀n náà kúrò, èkejì ní kí wọ́n kàn yọ kókó inú rẹ̀, ẹ̀kẹta ní kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án rárá. Ta ni kí ó gbọ́ tirẹ̀?

Iṣẹ́ yìí fẹ́ wá ìdáhùn nínú ìtàn ìṣègùn ilẹ̀ wa. Èrò mi ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà kò mọṣẹ́. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn ń dáhùn, aláìsàn ni ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé èyí fún, pàápàá jù lọ ní èdè tó gbọ́ dáadáa.

Olóòlà àti ẹbí

Yorùbá ti ń fi abẹ kan ojú kí ilé ìwòsàn tó dé. Olóòlà ló ni iṣẹ́ náà. Kí ó tó mú abẹ rẹ̀ jáde, ìdílé ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́: pélé ni, gọ̀ǹbọ́ ni, tàbí àbàjà. Olóòlà kì í bá wọn jiyàn lórí èyí. Omi ìgbín ni wọ́n fi ń tu ojú ilà lẹ́yìn náà. N kò sọ pé kí a padà sídìí ilà kíkọ o. Ọmọ tí wọ́n ń kọ nílà kò lóhùn sí i, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sì ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ìpinnu wà lọ́wọ́ ẹbí, abẹ wà lọ́wọ́ oníṣẹ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn dé, ó jọ pé méjèèjì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni abẹ. Bí àwọn tó ni abẹ bá wá di méjì, tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu, ẹbí tó ti gbà pé ìpinnu kì í ṣe tiwọn mọ́ kò ní mọ ibi tí wọn yóò yà sí.

Kókó àgbọ̀n ọmọdé: abẹ tàbí oògùn?

Ní ọdún 1958, Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ ọmọ Ireland tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, tẹ ìwé jáde nípa kókó kan tó ń yọ ní eegun àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Agbègbè tí ibà pọ̀ sí ni àìsàn náà ti wọ́pọ̀, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á wú, eyín á máa mì, ẹyinjú á máa yọ síta, gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nítorí pé kókó tí a fojú rí ni, oníṣẹ́-abẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé e lọ bá.

Abẹ kò ràn án. Kókó náà yára dàgbà ju bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná lọ, ó sì sábà máa ń wà ní ibòmíràn nínú ara lákòókò kan náà, bíi kíndìnrín àti inú ikùn. Ìtọ́jú onítànṣán kò sì sí ní Uganda nígbà náà. Burkitt fúnra rẹ̀ yí sí oògùn. Ní Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn UCH tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, Victor Anomah Ngu gba ọ̀nà kan náà. Ọmọ Cameroon ni; ó ti kàwé ní Ìbàdàn kí ó tó lọ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní London, ó sì padà wá di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn. Ní ọdún 1972 ó wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà, Burkitt náà sì wà lára wọn. Iṣẹ́ tí Ngu ṣe lórí fífi oògùn wo kókó yìí ni wọ́n fi yẹ́ ẹ sí, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ́-abẹ ni.

Òbí tó gbé ọmọ wá ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn lè gbọ́ ohùn méjì lórí ibùsùn kan. Ẹni tó ní kí wọ́n gé e ń dáhùn pé, báwo ni a ṣe máa mú ohun tí a rí yìí kúrò? Ẹni tó ní oògùn ń dáhùn pé, báwo ni a ṣe máa dé ibi tí a kò rí? Àkókò kò sì sí. Kókó tó ń fẹjú lójoojúmọ́ kò ní dúró de ìpàdé ẹbí tí yóò fi oṣù kan kó ara wọn jọ láti Èkó àti Ìlọrin.

Ameloblastoma: gígé púpọ̀ tàbí gígé díẹ̀?

Ní ti ameloblastoma, àkókò wà. Eegun àgbọ̀n náà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọdún ni ó ń kà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 1980, E. O. Adekeye tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 109 tí wọ́n ní i, láti ilé ìwòsàn ní Kàdúná, tí kò jìnnà sí Abùjá tí a wà yìí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó ṣọ̀wọ́n kí ó ràn dé ibòmíràn nínú ara, ṣùgbọ́n ó ń jẹ eegun lọ láìsinmi.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti le jù, ó sì ń lọ títí di òní. Bí wọ́n bá kàn yọ kókó náà kúrò nínú eegun, ojú á dúró bó ṣe wà, ènìyàn á máa jẹun, ọgbẹ́ á tètè san. Ṣùgbọ́n kókó náà sábà máa ń padà wá, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí wọ́n bá gé eegun náà pẹ̀lú díẹ̀ lára èyí tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìrètí pé kò ní padà á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àgbọ̀n á ní àlàfo tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin tàbí eegun ìbàdí dí, iṣẹ́ náà á pẹ́, owó á pọ̀. Dókítà kan ń ro ojú ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sílé ọkọ. Èkejì ń ro ọmọbìnrin yẹn kan náà nígbà tí yóò pé ogójì ọdún. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Bóyá aláìsàn lè máa padà wá fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún wúwo nínú ọ̀rọ̀ yìí ju bí a ti ń rò lọ, nítorí ẹni tí kò lè padà wá kò yẹ kó yan iṣẹ́ abẹ tó nílò ìṣọ́.

Noma: ìgbà wo?

Noma ni àrùn tó ń jẹ ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí kò rí oúnjẹ gidi jẹ, pàápàá lẹ́yìn èéyi. Egbò ìdí eyín ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, tó ọmọ 90 nínú 100 ló lè kú. M. N. Tempest kọ̀wé lórí ohun tó rí nípa rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1966. Adekeye àti R. A. Ord kọ tiwọn lórí ìlànà àtúnṣe ojú ní 1983. Ilé ìwòsàn noma bẹ̀rẹ̀ ní Sókótó ní 1999. Nàìjíríà ló síwájú àwọn orílẹ̀-èdè tó bẹ̀bẹ̀ tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kà á mọ́ àwọn àrùn tí a pa tì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Lórí noma, oògùn àti oúnjẹ ló kọ́kọ́ yẹ. Oṣù púpọ̀ lẹ́yìn tí ọgbẹ́ bá ti jinná ni abẹ kàn. Ìyá tó ń wo ihò lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ lè rò pé ìdádúró yìí jẹ́ àìbìkítà. Ewu ńlá tún wà nínú ìkunlóorun, nítorí ẹnu tí àpá ti dì pa kò ṣeé gbà ti ọ̀pá afẹ́fẹ́ bọ ọ̀fun. (J. O. Akinosi, oníṣẹ́-abẹ ẹnu ọmọ Nàìjíríà, kọ ní 1977 nípa bí a ṣe lè gún abẹ́rẹ́ ìpàmọ̀lára sí àgbọ̀n láìla ẹnu. Vazirani ti kọ ohun tó jọ ọ́ ní 1960, wọ́n sì pa orúkọ àwọn méjèèjì pọ̀. Káàkiri ayé ni wọ́n ti ń fi í kọ́ àwọn oníṣègùn eyín, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í sábà gbọ́ ọ.) Bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà láṣeyọrí, ẹnu lè tún dì bí ọmọ kò bá ṣe eré ìdárayá àgbọ̀n fún ìgbà pípẹ́.

Nínú ìwé ìṣègùn bí ìwọ̀nyí, ọjọ́ orí ọmọ ni a sábà ń rí, àti bí ọgbẹ́ ṣe tóbi tó. Ohun tí ìyá sọ nígbà tí wọ́n ní kí ó tẹ ìka ṣòro láti bá pàdé.

Bíbéèrè bí ẹni tó mú ìbò

Ẹni tó lọ sọ́dọ̀ babaláwo kì í sọ ohun tó bá wá fún un. Ó ń sọ ọ́ sí owó lẹ́nu jẹ́jẹ́, kí ohun tí Ifá bá wí má baà jẹ́ àtúnsọ ọ̀rọ̀ ẹni tó wá béèrè. Ọgbọ́n yìí wúlò fún ẹni tó ń lọ bá dókítà kejì. Kí ó kó àwòrán eegun àti èsì àyẹ̀wò gbogbo dání, kí ó má fi ọ̀kankan pamọ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kí dókítà náà sọ èrò tirẹ̀ kí ó tó sọ ohun tí ti àkọ́kọ́ wí. Lẹ́yìn náà, kí ó bi àwọn méjèèjì ní ìbéèrè kan náà: ọjọ́ mélòó ni mo ní láti ronú? Kí ni ẹ ń lé gan-an, ẹ̀mí ni, ojú ni, tàbí jíjẹun? Bí a kò bá ṣe é ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín, irú rẹ̀ mélòó ni ẹ ti ṣe? Àgbà mẹ́ta kì í ṣi èkùlù mọ̀, ṣùgbọ́n ẹran kan náà ni a gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n.

Òfin wà lẹ́yìn ẹni tó bá béèrè. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi hàn nínú ẹjọ́ Okonkwo ní ọdún 2001 pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lè kọ ìtọ́jú. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014, ní abala 6, ní kí a sọ fún aláìsàn irú ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀, iye tí yóò ná an àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti kọ̀ ọ́. Kí a sì sọ ọ́, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ní èdè tó gbọ́, ní ọ̀nà tó bá ìwé tó kà mu.

Ní ibi tí òfin yìí ti dárúkọ èdè ni ó ti kan àwa olùkọ́ èdè. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí dókítà bá sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ameloblastoma kì í ṣe jẹjẹrẹ, ẹni tó ń túmọ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ọmọ aláìsàn tàbí òṣìṣẹ́ tó ń kọjá lọ, lè sọ pé "kò léwu". Ìyá tó bá gbọ́ "kò léwu" yóò yan iṣẹ́ abẹ kékeré, tàbí kó gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un. "Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n kò ní dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀" gùn ju "kò léwu" lọ ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní ọdún kejì sì lè kọ́ ọ láàárín ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan.