Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Eré Doctor Who tí a Rí ní Jos

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ nìkan ni òwe yìí kàn; ó kan lámèyítọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ìtàn Doctor Who, eré àròsọ sáyẹ́ǹsì tí BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí fi hàn lórí amóhùn-máwòrán ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá, ọdún 1963.

Àlejò kan láti ayé mìíràn, tí à ń pè ní Dókítà, ni eré náà dá lé. Inú àpótí kan ni ó ń wọ̀ bí ẹni wọ ọkọ̀, tí ó fi ń rìn láti ìgbà dé ìgbà. William Hartnell ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Nígbà tí ó fi í sílẹ̀ ní 1966, Patrick Troughton gba ipò rẹ̀, a sì sọ pé Dókítà pa àwọ̀ dà ni. Ọgbọ́n yìí ni ó jẹ́ kí eré náà pẹ́.

Ṣùgbọ́n owó téèpù wọ́n ní ayé ìgbà náà, kò sì sí ẹni tí ó rò pé ẹnikẹ́ni yóò tún bèèrè eré àná. Láàrin 1967 sí 1978, BBC pa ọ̀pọ̀ téèpù rẹ́, wọ́n sì da fíìmù nù. Nínú apá 253 tí a ṣe ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ó lé ní 100 tí a kò tíì rí nígbà tí ọdún 2013 wọlé.

Ohùn wọn kù, èyí tí àwọn òǹwòran gbà sílẹ̀ nínú ilé wọn. Ohùn yìí ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ fi dá «The Enemy of the World» lẹ́jọ́, eré alápá mẹ́fà tí a fi hàn láti oṣù Kejìlá 1967 sí oṣù Kìn-ín-ní 1968. Apá kẹta nìkan ni fíìmù rẹ̀ kù. Wọ́n ní eré náà falẹ̀.

Ní oṣù Kẹwàá 2013 ni a kéde pé Philip Morris, tí ń wá fíìmù tí ó sọnù kiri, ti rí ẹ̀dà tí a fi ránṣẹ́ sí òkè òkun ní ibùdó amóhùn-máwòrán kan ní Jos, ní Nàìjíríà wa níhìn-ín. Apá mẹ́sàn-án tí ó ti sọnù ni ó padà. Márùn-ún nínú wọn sọ «The Enemy of the World» di odindi.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Sísáré tí wọ́n ń sáré létí òkun ní apá kìn-ín-ní, tí ó jẹ́ ariwo lásán létí, di ohun tí ń mú ọkàn ẹni sókè. Troughton ṣe ẹni méjì tí ojú wọn jọ: Dókítà, àti Salamander, ọ̀dájú tí ó fẹ́ gba ayé. Nígbà tí Dókítà bá ń ṣe bí Salamander, ìrìn àti ìwò ojú rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Lóòótọ́, apá kẹfà kánjú parí. Síbẹ̀ eré tí a ti fojú tín-ín-rín di eré iyì.

Kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ etí ni ó yí padà. A ti ń yin «The Web of Fear» ti 1968 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí apá mẹ́rin rẹ̀ dé láti Jos, ìyìn náà kò dínkù. Ṣùgbọ́n àwòrán apá kẹta kò sí nínú wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni amóhùn-máwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Bí a bá fẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la ṣe lámèyítọ́ eré Yorùbá, a gbọ́dọ̀ fi eré náà lé wọn lọ́wọ́, kí í ṣe ìròyìn rẹ̀. Àjèjì wá tirẹ̀ dé Jos. Ta ni yóò wá tiwa?