Ìtàn Oògùn Abẹ́ Ahọ́n fún Àlẹ́jì

Oògùn abẹ́ ahọ́n fún àlẹ́jì jẹ́ ìtọ́jú tí a fi ń mú kí ohun tí ara ń kọ̀ mọ́ ọn lára. Díẹ̀ nínú ohun náà gan-an ni aláìsàn yóò máa fi sábẹ́ ahọ́n lójoojúmọ́, títí ara yóò fi yéé bá a jà. Èrò yìí ti pẹ́; ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọ ara ni ó yí padà, ikú àwọn aláìsàn sì wà lára ohun tó fà á.

Ní ọdún 1873, Charles Blackley, oníṣègùn kan ní Manchester, tẹ ìwé jáde lórí àìsàn tí í mú kí àwọn ènìyàn máa sín, tí ojú sì ń yún wọn, nígbà tí koríko bá ń yọ òdòdó. Àìsàn náà ń ṣe òun fúnra rẹ̀, ara rẹ̀ ló sì fi ṣe ìdánwò, títí ó fi hàn pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó koríko ló ń fà á. Ní 1906, Clemens von Pirquet ní Vienna ṣẹ̀dá orúkọ náà, àlẹ́jì.

Ní 1911, Leonard Noon ti Ilé-Ìwòsàn St Mary's ní London kéde abẹ́rẹ́ tí a fi omi lẹ́búlẹ́bú koríko ṣe, tí a ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Noon gbà pé májèlé ni lẹ́búlẹ́bú náà ní nínú. Àṣìṣe ni èyí, síbẹ̀ ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́. Noon kú ní 1913. John Freeman ló ń bá iṣẹ́ náà lọ.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí ní ewu. Nígbà mìíràn, ara a gbóná jà, ọ̀fun a wú, èémí a sì há. Ní 1986, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ààbò oògùn ní Ìlú Ọba kéde pé ènìyàn 26 ló ti tipa abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ kú láti 1957. Ìlò rẹ̀ dínkù gidigidi níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Glenis Scadding àti Jonathan Brostoff tẹ àbájáde ìwádìí jáde: àwọn tí wọ́n fi èròjà kòkòrò tíntìntín inú eruku ilé sábẹ́ ahọ́n rí ìtura ju àwọn tí oògùn wọn kò ní èròjà náà nínú lọ.

Abẹ́ ahọ́n ní àǹfààní tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí í kọ́ ara láti gba ohun àjèjì mọ́ra pọ̀ níbẹ̀, èyí tí í tú èròjà wíwú jáde kò sì pọ̀. Ní 1998, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọ̀nà yìí mọ́ èyí tó ṣeé lò. Hóró oògùn fún àlẹ́jì koríko gba àṣẹ ní Yúróòpù ní 2006, ní Amẹ́ríkà ní 2014. Ti kòkòrò eruku gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà ní 2017.

Ìtọ́jú yìí ń gba sùúrù, nítorí ó sábà máa ń tó ọdún mẹ́ta. Ẹnu àti ọ̀fun lè máa yún aláìsàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ilé ni ó ti ń lo èyí tó kù, ṣùgbọ́n iwájú dókítà ni ó gbọ́dọ̀ ti lo hóró àkọ́kọ́, kí ó sì dúró fún ìdajì wákàtí. Ewu tó dínkù kì í ṣe ewu tó tán.