Ikú Sylvanus Olympio àti Ẹ̀kọ́ Ìyì Ẹ̀mí Nínú Ìdílé Kan

Ẹni tí ó bá ń ka ọdún oore Ọlọ́run ní láti ka ọdún ọ̀fọ̀ pẹ̀lú. Àwọn bàbá wa ní Elavagnon àti ní gbogbo agbègbè Atakpamé rí ìdùnnú òmìnira ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1960. Kò tó ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ìbànújẹ́ ńlá fi dé bá Togo. Ìtàn ìjọba ni a sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ ọ́ nínú ìwé júbílì yìí bí ìtàn ìdílé kan, nítorí pé ìdílé ni ọ̀fọ̀ náà kọ́kọ́ wọ̀, agbègbè wa yìí sì ni apá kan ìdílé náà ti ṣẹ̀.

Ní ọdún 1902 ni a bí Sylvanus Olympio ní Kpandu, tí ó wà ní ilẹ̀ Ghana lónìí. Ọmọ Àgùdà ni, nítorí láti Brazil ni bàbá rẹ̀ àgbà ti wá tẹ̀dó sí Agoué, létí òkun Dàhòmì. Ó kàwé ní London, ó sì di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ ajé ilé-iṣẹ́ Unilever. Dina Grunitzky ni ó fi ṣe aya. Arákùnrin Dina ni Nicolas Grunitzky, ẹni tí a bí ní Atakpamé ní ọdún 1913. Ará Jámánì ni bàbá Nicolas, ọmọ Atakpamé sì ni ìyá rẹ̀. Báyìí ni Olympio ṣe di àna fún ilẹ̀ wa.

Ọ̀rọ̀ ìṣèlú kò jẹ́ kí àwọn àna méjèèjì yìí rìn pọ̀. Grunitzky ni olórí ìjọba láti ọdún 1956. Nínú ìbò ọdún 1958, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé mójú tó, ẹgbẹ́ Olympio borí, òun ni ó sì gba ipò lọ́wọ́ àna rẹ̀. Ìjọba Olympio pẹ̀lú kò ṣàìní àléébù: àwọn alátakò kan wà lẹ́wọ̀n, àwọn mìíràn, tí Grunitzky wà lára wọn, sì fi ìlú sílẹ̀.

Àwọn ọmọ Togo kan tí wọ́n ti ṣe ológun fún ilẹ̀ Faransé padà wálé, wọ́n sì ń fẹ́ wọ inú ọmọ-ogun orílẹ̀-èdè. Olympio kọ̀, nítorí kò fẹ́ kí ogun jíjẹ owó ìlú run. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1963, wọ́n ya wọ ilé rẹ̀ ní Lomé. Ó fo ògiri sí ọgbà ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fara pamọ́ sínú ọkọ̀ kan. Wọ́n rí i, wọ́n sì yìnbọn pa á lẹ́nu géètì. Ọjọ́ Àìkú ni. Étienne Eyadéma, tí ó wà lára àwọn ológun náà, sọ fún àwọn oníròyìn nígbà náà pé òun ni òun yìnbọn. Nígbà tí ó yá, ó sẹ́.

Grunitzky ni àwọn ológun pè wá jọba. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ọkọ Dina kú, arákùnrin Dina sì jókòó sí àga rẹ̀. Agoué ni a sin Olympio sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Dina pẹ̀lú kú ní ọdún 1964. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1967, tí ó pé ọdún mẹ́rin géérégé, Eyadéma lé Grunitzky kúrò. Ó kú ní Paris ní ọdún 1969 lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọjọ́ ọ̀fọ̀ ìdílé yìí ni ìjọba fi ṣe ọjọ́ àjọyọ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Gilchrist, ọmọ Olympio, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ìgbèkùn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1992, wọ́n dènà dè é ní Soudou, wọ́n sì yìnbọn lù ú. Oníṣègùn Marc Atidépé wà lára àwọn tí ó kú. Gilchrist fara gbọgbẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní ọdún 2010, ó gbà kí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ìjọba Faure Gnassingbé, ọmọ Eyadéma. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń tẹ̀lé e bínú, ẹgbẹ́ náà sì pín sí méjì. Ẹnikẹ́ni lè bá a jiyàn lórí ìṣèlú. Síbẹ̀, ẹni tí ìbọn gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìbọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí tirẹ̀, tí ó wá jókòó bá ọmọ ilé kejì sọ̀rọ̀ dípò kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn tún ṣàn, ti fi hàn wá pé ẹ̀mí ènìyàn wọ́n ju ipò lọ.

Ìjọ Atakpamé kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bíṣọ́ọ̀bù Philippe Kpodzro, tí ó ti ń ṣọ́ agbo Atakpamé láti ọdún 1976, ni ó darí Àpérò Orílẹ̀-èdè ní ọdún 1991. Ní ọdún 2009, Bíṣọ́ọ̀bù Nicodème Barrigah, tí ó wà lórí àga Atakpamé nígbà náà, di alága ìgbìmọ̀ tí ó wá òtítọ́, ìdájọ́ òdodo àti ìlàjà lórí ìwà ipá tí ó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1958 títí dé 2005. Ju 20,000 ènìyàn lọ ni ó wá sọ ohun tí ojú wọn rí. Èyí fi yé wa pé ilé Olympio nìkan kọ́ ni ó sunkún, àti pé ìdáríjì kò ní kí a gbé òtítọ́ sin.

Nítorí náà, nígbà tí oṣù Kọkànlá bá dé, tí a bá ń kọ orúkọ àwọn òkú wa fún Mísà, ẹ jẹ́ kí a kọ Sylvanus, Dina àti Nicolas sórí ìwé kan náà, kí a sì rántí àwọn tí ó di ìbọn mú pẹ̀lú. Bí àwọn ọmọ wa bá bèèrè ìdí rẹ̀, kí a sọ ìtàn náà fún wọn tòótọ́-tòótọ́, kí a má sì kọ́ wọn ní ẹ̀san.