Kòkòrò Tó Ń Jẹ Eyín: Ìtàn Ohun Tí Aráyé Wá Títí

Nílẹ̀ Yorùbá, bí eyín bá ń dun ènìyàn ní òru, tí ihò sì wà lára eyín náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé yóò sọ kò pọ̀: kòkòrò ti jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn á ní akokoro ló ń dà á láàmú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n lè gún kànáfùrù mọ́ iyọ̀, kí wọ́n fi dí ihò náà, tàbí kí wọ́n tọ olóògùn orí ọjà kan lọ, ẹni tó ní òun lè fa kòkòrò náà jáde lójúkorojú. Bí ìrora bá rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Bí kò bá rọlẹ̀, ilé ìwòsàn di dandan, eyín náà sì di yíyọ.

Èrò yìí kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Ó wà lára àwọn èrò tó pẹ́ jù lọ tí ọmọ aráyé ní nípa àìsàn, láti Bábílónì títí dé Yúróòpù. Wọ́n wá kòkòrò náà títí, wọn kò rí i. Nígbà tí wọ́n sì rí irú mìíràn, ó hàn pé ìlera eyín kò sí lọ́wọ́ ẹni tí ń fa nǹkan jáde, bí kò ṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń fọ eyín rẹ̀ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ìyípadà èrò yìí ni kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà títí di òní.

Lára àwọn wàláà amọ̀ tí àwọn ará Bábílónì ayé àtijọ́ kọ̀wé sí, ọ̀kan wà tó jẹ́ ọfọ̀ fún eyín dídùn. Ó ṣàlàyé pé lẹ́yìn tí a dá ayé, kòkòrò kan lọ sọkún níwájú àwọn òrìṣà, ó ní kí wọ́n fún òun ní oúnjẹ. Wọ́n fún un ní èso ọ̀pọ̀tọ́, ó kọ̀ ọ́. Àárín eyín àti ẹran ìdí eyín ni ó ní òun fẹ́ máa gbé. Ọfọ̀ náà wá ń bẹ òrìṣà pé kí ó fi ọwọ́ líle lu kòkòrò náà. Ẹni tó bá mọ bí àwọn babaláwo àti adáhunṣe ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń fi ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ nǹkan pe oògùn jí yóò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí bí ẹní mowó.

Ní Yúróòpù, èrò kan náà gbilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Àwọn oníṣègùn a máa sun irúgbìn ewé olóró kan, wọn a ní kí aláìsàn ya ẹnu sí èéfín rẹ̀. Nǹkan wẹ́wẹ́ funfun a sì jábọ́, wọn a ní kòkòrò ti bọ́ sílẹ̀. Irúgbìn tó bẹ́ nínú iná ni, ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ìrora ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, kòkòrò ni.

Ẹni tó kọ́kọ́ fojú rí ohun tó ń gbé inú ẹnu ní tòótọ́ kì í ṣe dókítà. Oníṣòwò aṣọ ni Antonie van Leeuwenhoek, ará ìlú Delft ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì, ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Lọ́dún 1683, ó ha ìdọ̀tí funfun tó lẹ̀ mọ́ àárín eyín rẹ̀, ó fi omi pò ó, ó sì wò ó. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ló rí, tí wọ́n ń yí, tí wọ́n sì ń sáré kiri. Ó kọ̀wé sí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, Royal Society, pé àwọn tó ń gbé ẹnu òun pọ̀ ju ènìyàn tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè òun lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi iyọ̀ fọ eyín rẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Nígbà tó wo ti arúgbó kan tí kò fọ eyín rí láyé rẹ̀, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Lọ́dún 1700, ó tún kọ̀wé nípa àwọn kòkòrò tí àwọn kan ní àwọn fi èéfín lé jáde láti inú eyín. Ó ní irú èyí tó wà nínú wàràkàṣì ni.

Lọ́dún 1728, Pierre Fauchard, oníṣẹ́ abẹ ará Faransé, tẹ ìwé alápá méjì jáde lórí eyín, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ máa pè é ní bàbá iṣẹ́ ìṣègùn eyín òde òní. Ó ní òun fi awò wá kòkòrò náà nínú eyín tó ti jẹrà, òun kò rí i. Ohun mìíràn ló nàka sí: àwọn ohun dídùn tí àwọn ènìyàn ń jẹ. Fauchard kò mọ ohun gbogbo. Òun kan náà ló gba àwọn tí eyín ń dùn níyànjú pé kí wọ́n fi ìtọ̀ ara wọn yọ́ ẹnu. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ṣúgà, ó ti ń súnmọ́ òtítọ́.

Ṣúgà náà ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà kan, oúnjẹ ọlọ́lá ni ní Yúróòpù. Nígbà tí Paul Hentzner, arìnrìn-àjò ará Jámánì, rí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1598, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé eyín rẹ̀ dúdú, ó sì ní àjẹjù ṣúgà ló ń fa irú àléébù bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó sọ ṣúgà di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà ni oko ìrèké ní Brazil àti ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, níbi tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ti ṣiṣẹ́ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára ọ̀pọ̀ wọn. Ọmọ Yorùbá wà lára wọn. Ní Cuba, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Lukumí, oko ìrèké ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló gba ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ogun abẹ́lé sọ di ẹrú. Bí ṣúgà ti ń pọ̀ nínú ife tíì àwọn ará Yúróòpù ni ihò ń pọ̀ lẹ́nu wọn.

Ó wá ku ẹni tí yóò so ohun abẹ̀mí Leeuwenhoek pọ̀ mọ́ ṣúgà Fauchard. Willoughby Miller ló ṣe é, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, tó sì ṣe ìwádìí nípa kòkòrò àìfojúrí lọ́dọ̀ Robert Koch. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1890, ó fi hàn pé àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu a máa jẹ ìyókù ṣúgà àti búrẹ́dì tó bá ṣẹ́kù sára eyín, wọn a sì sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí, ìyẹn ásíìdì, ló ń yọ́ ara líle eyín díẹ̀díẹ̀ títí ihò yóò fi dá sí i. Lọ́dún 1924, J. Kilian Clarke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ya ọ̀kan nínú wọn sọ́tọ̀ láti inú eyín tó jẹrà, ó sọ ọ́ ní Streptococcus mutans.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ náà bá ti eyín mu, àmọ́ kì í ṣe bí wọ́n ti rò ó. Kò sí kòkòrò kan tó ń gé eyín jẹ bí ó ṣe ń gé ẹ̀wà jẹ nínú àpò. Oúnjẹ tí ènìyàn jẹ kù ni wọ́n ń jẹ. Omi kíkan tí wọ́n ń tú jáde ló ń ba eyín jẹ́. Wọn kò ṣeé fi oògùn fà yọ, nítorí ọ̀kẹ́ àìmọye ni wọ́n, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń padà.

Ìwádìí méjì ni ó fìdí ohun tó kù múlẹ̀. Èkíní wáyé ní Vipeholm, ilé ìtọ́jú àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ní ìlú Lund ní Sweden, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1945. Wọ́n fún àwọn kan nínú àwọn aláìsàn náà ní tọ́fì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, títí eyín ọ̀pọ̀ wọn fi bàjẹ́. Ìwà ìkà ni lójú ayé òde òní. Ẹ̀kọ́ tó ti ibẹ̀ jáde kò sì gbọdọ̀ ṣòfò: ṣúgà tí ènìyàn jẹ mọ́ oúnjẹ kò ba eyín jẹ́ tó èyí tó ń jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì. Iye ìgbà tí ṣúgà ń wọ ẹnu lóòjọ́ burú ju bí ó ti pọ̀ tó lọ.

Ìwádìí kejì jẹ mọ́ ẹran ìdí eyín. Lọ́dún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Aarhus ní Denmark ní kí ènìyàn 12 tí ẹran ìdí eyín wọn dára dẹ́kun fífọ eyín. Láàárín ọjọ́ 10 sí 21, ìdí eyín gbogbo wọn ti pọ́n, ó sì ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sí fífọ eyín, ó san láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ìdí eyín rẹ̀ nígbà tó bá ń fọ ẹnu sábà máa ń dẹ́kun fífọ ibẹ̀ nítorí ẹ̀rù. Ìwádìí yìí fi hàn pé ìdàkejì ló yẹ kó ṣe: kí ó máa fọ ibẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Bí ó bá pa á tì, ìdọ̀tí náà lè le bí òkúta, kí ó jẹ egungun tó di eyín mú, kí eyín tí kò ní ihò kankan máa mì.

Ṣáájú gbogbo ìwádìí yìí, Yorùbá ti ń run orín. Ọmọ tó bá jí kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ pẹ́ títí kó tó fọ ẹnu. Orín àtà, orín ìdí, pákò ìjẹ̀bú: oníkálùkù ló mọ èyí tó bá ẹnu rẹ̀ mu. Lọ́dún 1971, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé omi inú àwọn orín kan ń dènà kòkòrò àìfojúrí. Ní 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí àwọn tí igi ìfọyín jẹ́ àṣà wọn máa lò ó lọ. Àlàyé tí àwọn baba ṣe nípa kòkòrò kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn tọ̀nà. Ibi tí orín kù sí ni pé kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ẹ̀yìn eyín àti àárín àwọn eyín inú, ẹni tó bá sì fi agbára run ún lè ha ìdí eyín rẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì òde òní kò pẹ́ tó bí àwọn kan ti rò. Irun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọdún 1938 ni ti ọ̀rá ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní náílọ́nù dé ọjà ní Amẹ́ríkà. Àǹfààní ọṣẹ ìfọyín sì wà púpọ̀ nínú fúlóráìdì, èròjà tó ń mú kí ara eyín le sí omi kíkan. Lọ́dún 1945, Grand Rapids ní Michigan di ìlú àkọ́kọ́ láyé tó fi í sínú omi ẹ̀rọ láti dáàbò bo eyín.

Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Èkó ló kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn eyín sílẹ̀, ní àwọn ọdún 1960. Ìbàdàn àti Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970. Lọ́dún 2022, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦10 lórí lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún kan náà pé nǹkan bí bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn láyé ló ní àìsàn ẹnu kan tàbí òmíràn. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé, ìrora ṣì ni agogo tí ń pe ènìyàn sọ́dọ̀ dókítà eyín.

Agogo náà máa ń pẹ́ kó tó dún. Ihò kékeré kì í dun ènìyàn. Ìgbà tó bá wọlé dé ibi tí iṣan eyín wà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìrora bá sì dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lè jẹ́ pé iṣan náà ti kú, tí àìsàn sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ sínú egungun àgbọ̀n. Nígbà mìíràn, ó lè tàn dé ọrùn, kí ó dí ọ̀nà èémí, kí ó sì gba ẹ̀mí. Ìrora tó rọlẹ̀ lẹ́yìn kànáfùrù àti iyọ̀ kì í ṣe ìwòsàn. Bí dókítà bá rí ihò náà nígbà tó ṣì kéré, yóò dí i, eyín yóò sì wà níbẹ̀ títí alẹ́. Ìrókò kékeré là á ti í ṣẹ́.

Nítorí náà, ohun tí ìtàn gígùn yìí ń béèrè lọ́wọ́ ìdílé kan kò ju ohun díẹ̀ lọ: kí wọ́n fọ eyín lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, pàápàá kí wọ́n tó sùn, kí ọṣẹ ìfọyín wọn ní fúlóráìdì, kí àwọn ọmọ má máa lá ohun dídùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kí dókítà sì wo ẹnu wọn kí ó tó di pé òru kan jí wọn. Kòkòrò tí àwọn ará Bábílónì bẹ òrìṣà pé kí ó lù kò ní tán lẹ́nu ọmọ aráyé. Fífọ eyín lè dín in kù fún ọjọ́ kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò ti tún dé, wọn yóò sì tún bu omi sí ife.