Ta Ló Ni Àtẹ̀gùn Ẹnu Ọ̀nà?

Ìbéèrè tòní rèé: bí ayálégbé kan l'Ádó-Èkìtì bá ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, tó fẹ́ fi sìmẹ́ńtì ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ọ̀nà kí kẹ̀kẹ́ lè gun ibẹ̀, ta ló máa ní kó ṣe é? Ìlú òkè àti àpáta l'Adó. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ajílosùn tàbí Bàsírí, ẹ máa fo gọ́tà, ẹ máa gun àtẹ̀gùn, kẹ́ ẹ tó kanlẹ̀kùn.

Ìjọba náà ti kọ́lé rí o. Ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá Western Nigeria Housing Corporation sílẹ̀. Àwọn ló kọ́ Bódìjà n'Ìbàdàn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó dé ní 1976, Èkìtì yọ lára rẹ̀ ní 1996, Èkìtì náà sì ní Housing Corporation tiẹ̀. Ṣùgbọ́n títà ni wọ́n sábà máa ń ta irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lówó rà á, ó di onílé. Ẹni tí ò lówó, ọwọ́ lánlọ́ọ̀dù aládàáni ló bọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká yà sí Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni lánlọ́ọ̀dù ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀. Òfin 1980, òfin kan náà tí Thatcher fi ní kí ayálégbé máa ra ilé ìjọba (ẹ ò rí nǹkan!), ló sọ pé ẹni tí ò rà á lè tún ilé ṣe, bí ìjọba ìbílẹ̀ bá fọwọ́ sí i níwèé. Bí wọ́n bá kọ̀ láìnídìí gidi, òfin máa kà á sí pé wọ́n ti gbà. Òfin yẹn ò dárúkọ kẹ̀kẹ́ arọ rárá, síbẹ̀ ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Tiwa ńkọ́? Oṣù kìíní 2019 ni Buhari buwọ́ lu òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ lọ́dún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Àsìkò yẹn pé ní 2024. Èkìtì náà ní òfin tiẹ̀. Àmọ́ báńkì, kóòtù àti ọ́fíìsì ìjọba ni gbólóhùn yẹn ń bá wí. Yàrá kan àti pálọ̀ ní Bàsírí, ilé ẹni ẹlẹ́ni ni.

Nítorí náà, iwájú ajẹ́ǹtì lọ̀rọ̀ kù sí. Kí owó ilé tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé wọ́n gbà kẹ́ ẹ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kẹ́ ẹ sì kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀. Ta ló máa ra sìmẹ́ńtì. Àti bóyá ẹ máa fọ́ ọ dànù lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó jáde.