Ọjọ́ Ìgboyè Kan, Láti Òkè-Igbó dé Ilé-Ifẹ̀

Aago mẹ́ta òru

Iná igi ti ń jó lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Òkè-Igbó. Ìkòkò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wà lórí àdògán kan, ọbẹ̀ ata wà lórí èkejì, mọ́ínmọ́ín ewé sì ń dúró de àyè. Àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ti jí bá a ṣe é láìjẹ́ pé ó ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ni yóò gboyè lónìí ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì tíì sí ọmọ agbo ilé náà tó ṣe irú rẹ̀ rí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó bá wọn ní Ifẹ̀, ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ, mo sì wo aago tó wà lára fọ́tò inú fóònù wọn. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tó tẹ̀lé e ṣojú mi.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí

Bàbá ọmọ ti wẹ̀, ó ti wọṣọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé fáìlì kan lé itan. Gbogbo rìsíìtì owó tó san fún ilé-ìwé láti ìparí ọdún 2018 tí ọmọ ti wọlé ló wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá dìde lónìí pé ọmọ òun jẹ gbèsè, ẹ̀rí nìyí.

Àgbẹ̀ kòkó ni. Ẹni tí kò bá mọ oko kòkó kò ní mọ ohun tí fáìlì yẹn jẹ́. Láti nǹkan bí oṣù Kẹwàá dé Kejìlá ni kòkó máa ń so jù. Ìgbà náà ni owó máa ń wọlé. Ilé-ìwé kì í sì í dúró dè é. Bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ forúkọ sílẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún tàbí Kẹfà, tí òjò ń rọ̀, tí àrùn ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi, àgbẹ̀ á lọ bá ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀, á gba owó sílẹ̀ lórí kòkó tí kò tíì pọ́n. Nígbà tí ìkórè bá dé, ẹni náà ló máa dá iye tó fẹ́ rà á. Lọ́dọọdún ni bàbá yìí ń ta kòkó rẹ̀ ní owó tó kéré sí ti ọjà, nítorí pé ó ti ná an.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìdálẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wá oyè àkọ́kọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ìforúkọsílẹ̀ wà, owó yàrá wà, owó ìwé, owó dátà, owó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí wọ́n ń tẹ̀ tí wọ́n sì ń dì. Lẹ́yìn ìyẹn ni owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, tí ẹnikẹ́ni kì í já rìsíìtì fún. Ìyẹn kò sí nínú fáìlì bàbá.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀

Ọkọ̀ gbéra. Ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà. Òkè-Igbó, ìlú D. O. Fágúnwà, ti wà lẹ́yìn wọn. Ìfẹ̀tẹ̀dó ló kàn, lẹ́yìn náà Olódè, kí wọ́n tó dé Ifẹ̀.

Awakọ̀ tí wọ́n háyà kì í ṣe àjèjì. Òun ló ń bá ẹ̀gbọ́n mi gbé wébìlì lọ fún ọmọ láti ọdún wọ̀nyí wá: gààrì, èlùbọ́, epo pupa nínú kẹ́ẹ̀gì, ata gígún, ẹja gbígbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi á gbé ẹrù wá sí gáréèjì láàárọ̀, á kọ nọ́ńbà fóònù ọmọ sára àpò, á sì pè é pé, “Ọkọ̀ ti ṣí o.” Ọmọ á wá dúró dè é ní gáréèjì Ifẹ̀. Nígbà tí owó bá wà, á wé e sínú ọ̀rá, á rì í sáàárín gààrì. Awakọ̀ mọ̀. Kò béèrè nípa rẹ̀ rí, kò sì fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé ọjọ́ ìgboyè dé, owó epo nìkan ló gbà.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi bóyá ó rántí ọ̀sẹ̀ tí kò rí nǹkan fi ránṣẹ́. Ó ní òun rántí gbogbo wọn. Kò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Aago mẹ́jọ

Mo bá wọn lẹ́nu géètì ńlá yunifásítì. Ọkọ̀ tò débi tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Àwọn ayàwòrán ń pe èrò, àwọn tó ń ta òdòdó olóràá ń wọ àárín ọkọ̀. Láti Ìlọrin, Àkúrẹ́, Èkó, Abẹ́òkúta ni àwọn òbí ti ń bọ̀, ẹbí kọ̀ọ̀kan nínú ankárá tirẹ̀.

Ọmọ sáré wá pàdé wa nínú aṣọ ìgboyè. Orí títì ló kúnlẹ̀ sí. Bàbá rẹ̀ fà á dìde kíákíá, ó ní kó má ba aṣọ jẹ́.

Aago mẹ́wàá

Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe ayẹyẹ náà, níbi àwọn ìjókòó onípele tó so mọ́ gbọ̀ngàn Odùduwà. Ìyá àgbà, ìyá bàbá ọmọ, kò lè gun àtẹ̀gùn. Bàbá ní òun kò ní fi ìyá òun sílẹ̀ níta. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú àbúrò ọmọ; èmi, bàbá àti ìyá àgbà jókòó sábẹ́ igi, níbi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń mú ọ̀rọ̀ wá bá wa.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mú kí n kọ ọjọ́ yìí sílẹ̀. Ìyá àgbà wo àwọn ilé gíga yẹn yí ká, ó ní, “Owó kòkó bàbá yín wà níbí.”

Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń tọ́ka sí. Òun náà gbin kòkó, nígbà ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Láyé ìgbà yẹn, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa kòkó ló ń dá iye tí àgbẹ̀ máa gbà. Iye náà sábà máa ń kéré sí ohun tí wọ́n ń ta kòkó kan náà lókè òkun. Àfikún rẹ̀ kò padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ìjọba fi púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè. Nínú oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún 1961 ni ìjọba ẹkùn náà ṣe òfin tó dá Yunifásítì Ifẹ̀ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 244 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1962, ní Ìbàdàn tí wọ́n kọ́kọ́ wà. Ọdún 1967 ni wọ́n kó wá sórí ilẹ̀ yìí ní Ifẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbà á lọ́dún 1975, ọdún 1987 ni wọ́n sì fi orúkọ Awólọ́wọ̀ sọ ọ́.

Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ bàbá àgbà bóyá ó fẹ́ fi owó rẹ̀ kọ́ yunifásítì. Mo mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Òun kò ka ìwé, kò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ síbí rí. Ọmọ rẹ̀ kàwé dé mọ́dà, owó tán, ó padà sóko. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wá jókòó sínú ọgbà yìí lónìí, lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ tún san owó kòkó lẹ́ẹ̀kejì. Ó dùn mí pé àwọn òbí bí irú wọn máa ń rìn nínú ọgbà yìí bí ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún kó wọlé, tí wọ́n ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, tí wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má fẹsẹ̀ tẹ koríko. Ilé àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá.

Aago mọ́kànlá kọjá

Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró kó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀. Òun ló sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà. Wọ́n pe orúkọ àwọn tó ṣe ipò kìíní, ó pàtẹ́wọ́ fún wọn títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ọmọ tirẹ̀ ṣe ipò kejì, ìpele òkè. Nígbà tó yá, wọ́n kéde ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ìbágbépọ̀ ẹ̀dá, gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà dìde pa pọ̀, wọ́n fi oyè dá wọn lọ́lá ní gbólóhùn bíi mélòó kan, wọ́n jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ìyá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ti ṣe tiwa ni?” Ìyá náà ní, “Wọ́n ti ṣe é o. Ẹ kú oríire.” Wọ́n dì mọ́ra wọn. Wọn kò mọ ara wọn rí.

Bí àwọn tó ń gboyè bá ti pọ̀ tó báyìí, kò sí bí wọ́n ṣe lè pe orúkọ gbogbo wọn kí ilẹ̀ má ṣú. Ó yé mi. Síbẹ̀, ìyá tó jí láti aago mẹ́ta òru retí orúkọ kan ṣoṣo.

Lábẹ́ igi, bí ohùn ti kéde ẹ̀ka náà, bàbá dìde. Ó ṣí fìlà, ó dúró gbọn-in títí àtẹ́wọ́ fi parí. Ìyá àgbà wò ó, ó ní, “Jókòó, ọmọ mi. O ti ṣe é.”

Aago kan ọ̀sán

Oúnjẹ jáde. Gbogbo abẹ́ igi ló kún fún kúlà àti ẹní. Ẹ̀gbọ́n mi bu ìrẹsì fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀, ẹbí kan tó wá láti Ìkirè fi dòdò ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀gbọ́n mi ki ọmọ rẹ̀ ní oríkì, ó kì í débi tí ohùn rẹ̀ fi há.

Ọmọ wá bọ́ aṣọ ìgboyè, ó wọ̀ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ó gbé fìlà lé e lórí. Lẹ́yìn náà, ó wọ̀ ọ́ fún bàbá rẹ̀, títí ó fi kan ìyá àgbà. Ayàwòrán ya gbogbo rẹ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé èyí kò bá òfin ìgboyè mu, pé ẹni tó kàwé nìkan ló yẹ kó wọ̀ ọ́. Èmi kò gbà fún wọn. Ìwé mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi kà. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, wákàtí kan yìí nìkan ni ẹ̀kọ́ fara hàn lára òun fúnra rẹ̀.

Aago mẹ́ta

A rìn lọ sí ilé ìgbé Mọrèmi kí ìyá lè rí ibi tí ọmọ sùn. Ìgbà náà ni ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ọdún kan wà tí òun kò rí bẹ́ẹ̀dì gbà, tí òun àti ọ̀rẹ́ òun jọ sùn lórí ibùsùn kékeré kan. Ìyá rẹ̀ dúró. Ó ní, “O ò sọ fún mi.” Ọmọ ní, “Ẹ ti ń ṣe tó, mà.”

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti àwọn ọdún ìyanṣẹ́lódì. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin ni ọmọ lọ kọ́. Àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kẹta dé oṣù Kejìlá ọdún 2020, àsìkò àrùn kòrónà. Wọ́n tún ṣe é láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022. Mi ò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi. Mo mọ owó oṣù tí wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ilé òbí ni àkókò náà ti kọjá. Lọ́dún 2022, ọmọ padà sóko, ó ń bá bàbá rẹ̀ fọ́ kòkó, ó ń sá a. Àwọn ará àdúgbò ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, kó lọ́kọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gbọ́. Ìyá ló kọ̀. Alaalẹ́ ló ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ kékeré fún wákàtí méjì kí ọmọ lè kàwé, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ọjọ́ tí géètì yóò ṣí.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́

Wọ́n padà sọ́nà. Gbogbo inú ọkọ̀ sùn, àfi awakọ̀ àti bàbá.

Aago mẹ́jọ alẹ́

Ilé kún. Ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ bàbá wá kí wọn, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá. Lẹ́yìn ìkíni, òun àti bàbá bọ́ sí kọ̀rọ̀, wọ́n ṣírò. Kòkó gbówó lórí lágbàáyé lọ́dún 2024 ju bó ti rí rí lọ, bàbá sì ti fi ti ìkórè náà san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè. Ẹni tó ń ra kòkó bi í bóyá á tún gba owó sílẹ̀ nítorí ti àbúrò, ọmọkùnrin, tó ń múra ìdánwò JAMB. Bàbá ní rárá.

Ọmọkùnrin náà dá sí i, ó ní ẹ̀yáwó ìjọba wà fún akẹ́kọ̀ọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọn kò sì gba èlé. Bàbá béèrè ẹni tí yóò san án padà. Ó ní òun ni, nígbà tí òun bá rí iṣẹ́. Bàbá ní kí ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ ayé pẹ̀lú gbèsè kò tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n òun yóò rò ó.

Ọmọ tó gboyè wá ní bí òun bá ti wọ àgùnbánirọ̀, nínú owó tí ìjọba máa ń fún wọn lóṣooṣù ni òun yóò ti máa yọ fún àbúrò òun. Bàbá yarí. Ó ní kó jẹ owó rẹ̀, kó ra bàtà. Ìyá ní kí wọ́n jẹ́ kó dá tirẹ̀, pé òun náà ti tó ẹni tí à ń bá dámọ̀ràn. Wọ́n jiyàn dé nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ni pé ọmọ ni yóò san owó fọ́ọ̀mù JAMB àbúrò rẹ̀ àti owó dátà rẹ̀ bó bá wọlé. Owó yàrá àti ìforúkọsílẹ̀ ṣì wà lọ́rùn bàbá, wébìlì sì jẹ́ ti ìyá.