Irin Kì í Wojú Ẹnikẹ́ni

Ilé-ìwé girama ni mo wà nígbà tí mo sọ fún Màámi pé mo fẹ́ máa gbé irin. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé o fẹ́ di ọkùnrin ni?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpò ìrẹsì ni àwọn fúnra wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí.

Èrò yìí kì í ṣe ti Màámi nìkan. Láti ọdún 1896 ni àwọn ọkùnrin ti ń gbé irin nínú ìdíje Òlíńpíìkì. Ọdún 2000, ní Sydney, ni wọ́n tó gba obìnrin láàyè. Ní gbogbo àkókò yẹn, obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹ wo àwọn alábàárù nínú ọjà Èkó, ẹ wo àwọn kayayei ní Accra. Bí obìnrin bá ń ru ẹrù oníẹrù nítorí àtijẹ, a kì í sọ pé ó ti di ọkùnrin. Ìgbà tó bá ní òun fẹ́ gbé e fún ògo ara òun ni a máa ń rántí ìrísí rẹ̀.

Ní Sydney yẹn, Ruth Ogbeifo, ọmọ Nàìjíríà, díje ní ìsọ̀rí àwọn obìnrin tí ara wọn kò wúwo ju 75 kílò lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gbé irin. Nínú èkíní, wọ́n á fà á láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú èkejì, wọ́n á kọ́kọ́ gbé e dé èjìká kí wọ́n tó tì í sókè. Wọ́n á wá ro méjèèjì pọ̀. Ogbeifo gbé 245 kílò, ó ku díẹ̀ kó tó àpò símẹ́ńtì márùn-ún. María Isabel Urrutia láti Kòlóńbíà gbé 245. Kuo Yi-hang láti Taiwan náà gbé 245. Òfin ìgbà náà ni pé bí wọ́n bá ta ọ̀mì, ẹni tí ara rẹ̀ fúyẹ́ jù ló borí. Urrutia gba wúrà, Ogbeifo gba fàdákà. Òṣùwọ̀n ló parí ọ̀rọ̀, kì í ṣe jígí.

Aláwọ̀ dúdú ni Urrutia, wúrà rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ tí Kòlóńbíà gbà ní Òlíńpíìkì. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé aṣòfin, ó sì di mínísítà eré ìdárayá ní 2022.

Àwa ńkọ́? Mo bi àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń gbé irin léèrè ẹni tí Ogbeifo jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Fóònù ni wọ́n gbé dání, wọ́n ń ya àyà àti apá ara wọn.

Lọ́dún tó kọjá, Màámi ṣubú ní balùwẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, egungun kankan ò ṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò lè dìde. Èmi nìkan ló wà nílé. Mo tẹ orúnkún, mo na ẹ̀yìn mi gbọọrọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi nídìí irin, mo sì gbé wọn dìde. Nígbà tí wọ́n jókòó tán, wọ́n di apá mi mú. Wọ́n ní, "Má fi irin yẹn sílẹ̀ o."

Bí ọmọbìnrin yín bá ní òun fẹ́ gbé irin, ẹ sọ ìtàn Ruth Ogbeifo fún un. Kí ẹ tó bi í bóyá ó fẹ́ di ọkùnrin, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kílò mélòó ló lè gbé.